GARRETT MORGAN ÀTI ÌWÉ PÁTÉNTÌ: ÌDÁHÙN SÍ ÌBÉÈRÈ ỌMỌ ẸGBẸ́ WA KAN

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Àwọn tí wọ́n wà ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá yóò rántí ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn wẹ́dà wa dìde sọ nígbà tí a fẹ́ tú ká. Ó ní òun jókòó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, òun rò ó títí, òun sì ṣe ìdérí onírin kan sí ẹnu rẹ̀, pẹ̀lú igi tí a ó máa fi ti ẹ̀gẹ́ sísàlẹ̀, kí ọwọ́ àwọn ìyá wa má baà kan páànù tí ń yí mọ́. Àwọn ìyá elégàárí yìn ín. Ó tà márùn-ún. Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn wẹ́dà méjì ní òdì kejì ìlú fi ń ṣe é, wọ́n sì ń tà á ní owó tí ó dín sí tirẹ̀. Ó wá bèèrè pé, “Akọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé, ṣé kò sí òfin tí ó de irú èyí ni?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo rí ojú ọkùnrin náà. Mo ṣèlérí pé n ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa.

Òfin wà. Orúkọ ohun tí ó ń bèèrè ni páténtì. Ṣùgbọ́n bí mo bá kàn da òfin sílẹ̀ fún yín lójú ewé yìí, oorun ni yóò gbé yín lọ, mo mọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan kọjá, Garrett Morgan ti ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà. Mo yàn án nítorí pé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí púpọ̀ nínú wa ti ń jẹun, àti nítorí pé ìṣòro tí ó yanjú kò jọ ara wọn rárá: abẹ́rẹ́ tí ń jó aṣọ, èéfín tí ń pa panápaná, ọkọ̀ tí ń kọlu ọkọ̀ ní oríta. Ohun tí páténtì ṣe fún un hàn kedere nínú ìtàn rẹ̀. Ohun tí páténtì kò lè ṣe fún un náà hàn.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1877 ni wọ́n bí i ní ìlú Paris. Kì í ṣe Paris ti ilẹ̀ Faransé o, Paris ti ìpínlẹ̀ Kentucky ni. Ènìyàn dúdú ni, àwọn òbí rẹ̀ sì ti mọ ìgbà oko ẹrú. Ìwé kékeré ni ó kà. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó kúrò nílé, ó lọ sí Cincinnati láti wá iṣẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti ń fi lára owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san olùkọ́ tí ń kọ́ ọ ní ìwé nílé. Ní ọdún 1895 ó dé Cleveland, ó sì ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ, níbi tí ó ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe.

Ẹ̀yin télọ̀ wa, ẹ ó mọ ibi tí mo ń lọ. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kì í ṣe Singer ẹlẹ́sẹ̀ tí bàbá mi ń tẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ni ó ń yí àwọn méjèèjì. Bí bẹ́líìtì bá já tàbí tí ó bá yọ̀, iṣẹ́ dúró. Morgan hùmọ̀ ohun kékeré kan tí a fi ń so bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ kí ó lè dúró gírígírí. Ní ọdún 1901 ó tà á ní dọ́là 150. Owó gidi ni fún òṣìṣẹ́ ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ti tà á, ó ti tà á nìyẹn. Ẹni tí ó rà á ni ó ni èrè tí ó kù níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi dọ́là 150 yìí sọ́kàn, a ó padà bá a níwájú.

Ní ọdún 1907 ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, níbi tí ó ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe tí ó sì ń tà á. Ní 1909 ó dá ilé iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Mary Anne, tí òun náà mọ aṣọ rán, wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Ibẹ̀ ni ìṣòro kejì ti dé. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ń sáré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbóná, bí ó bá sì gbóná, á máa jó aṣọ onírun àgùntàn. Morgan ń wá oje kan tí yóò fi kun abẹ́rẹ́ kí ó lè máa yọ̀ wọlé, yọ̀ jáde. Ní ọjọ́ kan, ó ń po oje yìí, ìyàwó rẹ̀ pè é wá jẹun. Ó fi aṣọ onírun kan nu ọwọ́, ó lọ. Nígbà tí ó padà dé, irun aṣọ náà tí ó ti lọ́ tẹ́lẹ̀ ti nà gbọọrọ. Ó lọ dán an wò lára ajá aládùúgbò rẹ̀, irun ajá náà sì nà, a sì gbọ́ pé olówó ajá kò dá a mọ̀ mọ́! Lẹ́yìn náà ni ó tó fi sí orí ara rẹ̀. Bí ìpara tí ń na irun ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Morgan nìyẹn, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lé e lórí ní ọdún 1913. Ẹ̀yin onídìrí wa lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n owó ìpara yìí ni ó gbé àwọn iṣẹ́ yòókù ró. Ọkùnrin tí kò bá ní ibi tí owó ti ń wọlé kò lè jókòó fi ọdún méjì rò nípa èéfín.

Nípa èéfín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni ìwé páténtì ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Ní ìgbà náà, bí ilé bá ń jó, iná nìkan kọ́ ni ó ń pa panápaná. Èéfín ni. Kí iná tó kan ènìyàn, èéfín á ti dì í ní imú. Morgan rí ohun kan tí gbogbo ẹni tí ó bá ti dáná igi rí mọ̀: èéfín a máa gòkè nítorí pé ó gbóná. Afẹ́fẹ́ tí ó mọ́ díẹ̀, tí ó tutù díẹ̀, a máa wà nítòsí ilẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ń yan gaàrí mọ̀ ọ́n. Bí èéfín bá pọ̀ jù nínú búkà, wọn a bẹ̀rẹ̀, wọn a dorí kodò. Ohun tí Morgan ṣe ni pé kí ènìyàn dúró ṣánṣán, kí imú rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ó ṣe ìbòrí kan tí a ń fi bo orí títí dé èjìká, pẹ̀lú gíláàsì níwájú ojú. Lára ìbòrí yìí ni họ́òsì wà, tí ó lọ sẹ́yìn ẹni tí ó wọ̀ ọ́, tí ó sì gùn dé ìtòsí ilẹ̀. Ó fi kànrìnkàn tí a rẹ sínú omi sí ẹnu họ́òsì náà. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ni ènìyàn ń mí sínú, omi kànrìnkàn ń tù ú, ó sì ń gba ìdọ̀tí èéfín lára rẹ̀. Bí ó bá mí síta, ọ̀nà mìíràn ni èémí ń gbà jáde, ọ̀nà tí ó ní ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí èéfín padà wọlé.

Ẹ wò ó, kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ ńlá. Aṣọ, họ́òsì, kànrìnkàn àti omi.

Ní ọdún 1912 ni ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì páténtì ìjọba Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1914 ni wọ́n fún un ní ìwé. Ọ̀kan nínú wọn ni nọ́ńbà 1,113,675, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún náà.

Kí ni ìwé náà wá jẹ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé páténtì dà bí ìwé ẹ̀rí tí a ń fi sínú férémù, pé o gbọ́n, ìjọba sì kí ọ. Rárá o. Àdéhùn ni. Ìjọba ní: sọ gbogbo àṣírí ohun tí o ṣe fún wa, ya àwòrán rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tí ó mọ iṣẹ́ náà lè ṣe é láti inú ohun tí o kọ. Ní ìpààrọ̀, fún iye ọdún báyìí, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ṣe é, tàbí tà á, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Ní Amẹ́ríkà ìgbà Morgan, ọdún mẹ́tàdínlógún ni, láti ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí i. Bí ọdún bá pé, ó di ti gbogbo ayé. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ àṣírí rẹ̀, kí ó máa fi pa mọ́ bí àwọn oníṣègùn, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá wá a rí fúnra rẹ̀, kò lè fẹjọ́ sùn níbì kankan.

Inú ìwé yìí ni apá kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ. Níbẹ̀ ni ẹni tí ó hùmọ̀ nǹkan ti ń sọ ibi tí tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, gẹ́gẹ́ bí sọ́féyọ̀ ṣe ń ri pílà sí igun ilẹ̀. Nítorí Morgan kọ́ ni ó kọ́kọ́ ronú pé kí a fi nǹkan bo orí nínú èéfín. Àwọn mìíràn ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Ẹ ó máa rí i nínú ìwé pé òun ni ẹni àkọ́kọ́. Ẹ má gbà á gbọ́. Ọ̀nà tí ó gbà ṣe tirẹ̀ ni ó rí pílà sí, ìyẹn náà sì tó. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n máa ń sọ pé, “Ó ti wà tẹ́lẹ̀, kí ni tèmi níbẹ̀?” Àtúnṣe tí ó jẹ́ tuntun lórí ohun tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lè gba páténtì.

Ó dára. Ọ̀gbẹ́ni Morgan ti ní ìwé. Ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa ṣe ìbòrí náà àti láti máa tà á, orúkọ rẹ̀ ni National Safety Device Company. Ó gbà àmì ẹ̀yẹ wúrà níbi àfihàn ńlá kan lórí ìmọ́tótó àti ààbò ní New York. Ọjà wá kù. Ta ni yóò ra ohun ìgbàlà lọ́wọ́ ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà ọdún 1914, pàápàá ní ìhà gúúsù? Ibí yìí ni páténtì ti dákẹ́. Ìwé náà lè sọ pé kí ẹlòmíràn má ṣe é. Kò lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni rà á.

Ohun tí ó ṣe nìyí, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó háyà òyìnbó kan, òṣèré, kí ó máa dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó hùmọ̀ ẹ̀rọ náà. Morgan fúnra rẹ̀ á múra bí ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, á máa jẹ́ “Big Chief Mason”. Wọn á pa àgọ́ kan, wọn á dá ọ̀dà, imí ọjọ́, fọ́málìnì àti ìgbẹ́ ẹran sínú iná níbẹ̀, títí èéfín rẹ̀ á fi nípọn, tí òórùn rẹ̀ á sì lé àwọn òǹwòran sẹ́yìn. “Mason” á gbé ìbòrí wọ̀, á wọ inú àgọ́, á sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Á jáde láìsí nǹkan kan tí ó ṣe é. Ní New Orleans ní ọdún 1914, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é, ìwé ìròyìn ìlú náà sì gbé e. Àwọn ẹgbẹ́ panápaná sì ń rà á. Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára páténtì ni ó ń fara pa mọ́ sí abẹ́ orúkọ ẹlòmíràn kí ọjà tirẹ̀ lè tà.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1916 dé. Ìlú Cleveland ń gbẹ́ ihò kan lábẹ́ adágún Erie, kí wọ́n lè máa fa omi tí ó mọ́ láti ọ̀nà jínjìn nínú adágún náà wá fún àwọn ará ìlú láti mu. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù Keje, gáàsì tí ó ti kóra jọ nísàlẹ̀ bú gbàù. Àwọn òṣìṣẹ́ há sínú ihò. Àwọn tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ láti gbà wọ́n là kò padà wá. Àwọn mìíràn tún sọ̀kalẹ̀, gáàsì náà tún bò wọ́n. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹnìkan tí ó ti rí àfihàn ìbòrí yìí rántí Morgan, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é. A máa ń sọ ọ́ pé aṣọ ìsùn ni ó wà lára rẹ̀ nígbà tí ó dé etí adágún, òun àti Frank àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú ìbòrí bí wọ́n ṣe rí kó. Àwọn tí wọ́n dúró níbẹ̀ ṣiyèméjì. Morgan kò bá wọn jiyàn, ó gbé tirẹ̀ wọ̀, ó sọ̀kalẹ̀, àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n gbé ènìyàn méjì jáde láàyè, wọ́n sì gbé òkú àwọn mìíràn jáde.

Ṣé ẹ rò pé ọjọ́ náà ni ìyà rẹ̀ dópin? Ìròyìn tàn kálẹ̀, àwòrán rẹ̀ náà tàn kálẹ̀. Àwọn ìlú mìíràn kọ̀wé béèrè ìbòrí, ṣùgbọ́n a gbọ́ pé nígbà tí àwọn kan ní ìhà gúúsù rí i pé ènìyàn dúdú ni ó ni ín, wọ́n fagi lé ohun tí wọ́n ti bẹ̀ẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àjọ kan tí ń fún àwọn akíkanjú ní àmì ẹ̀yẹ fún àwọn mìíràn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìgbàlà ní ọjọ́ náà, wọ́n fo Morgan. Ní ọdún 1917 ó kọ lẹ́tà sí olórí ìlú Cleveland, Harry Davis, ó fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ hàn. Àwọn ará ìlú kan ni wọ́n dáwó jọ ṣe àmì ẹ̀yẹ wúrà fún un.

Ọkùnrin mìíràn á ti pa ìdí ẹ̀rọ tì. Ní ọdún 1923, ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, ó tún gba páténtì mìíràn, nọ́ńbà 1,475,024. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ojú títì ni. Ẹ rántí irú ìgbà tí ó jẹ́: mọ́tò, kẹ̀kẹ́ ẹṣin, básíkùlù àti ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn, gbogbo wọn lórí títì kan náà. Morgan fúnra rẹ̀ ní mọ́tò, a sì gbọ́ pé ìjàǹbá mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan tí ó ṣojú rẹ̀ ni ó mú un ronú.

Níbí náà, kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́. Ní ọdún 1868 ni wọ́n ti gbé iná gáàsì kan sí iwájú ilé aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa darí kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Kò pẹ́ tí ó fi bú gbàù, tí ó sì pa ọlọ́pàá tí ń yí i lára, wọ́n sì pa á tì. Ní Cleveland tí Morgan ń gbé, iná mànàmáná pupa àti àwọ̀ ewé ti wà ní oríta kan láti oṣù Kẹjọ ọdún 1914. Kí ni ó wá kù? Ọ̀pọ̀ àmì ìgbà náà, ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n mọ̀: dúró, máa lọ. Bí “máa lọ” bá yí padà sí “dúró” lójijì, ẹni tí ó ti wọ àárín oríta ń kọ́? Tirẹ̀ jẹ́ òpó kan tí ó ní apá, a ń fi ọwọ́ yí i. Ó ní ipò kẹta, níbi tí gbogbo ọkọ̀ láti ìhà gbogbo ti gbọ́dọ̀ dúró ná, kí àárín títì lè ṣófo, kí ẹlẹ́sẹ̀ sì lè kọjá, kí apá kejì tó gbéra. Ní òru, tí kò sí ẹni tí yóò yí i, a lè fi àwọn apá rẹ̀ sí agbedeméjì, kí olúkúlùkù mọ̀ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí òun ṣe. Ẹ̀yin awakọ̀ wa tí ẹ mọ àwọn yẹ́lòfífà ìgbà kan, tí wọ́n ń na ọwọ́ méjèèjì kí gbogbo wa lè dúró ná, ohun tí igi Morgan ń sọ nìyẹn.

Ó gba páténtì rẹ̀ ní Bìrìtìkó pẹ̀lú, àti ní Kánádà. Mo ń dárúkọ ìyẹn nítorí pé páténtì kì í rékọjá bodè. Bí o bá gbà á ní Amẹ́ríkà nìkan, ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè ṣe é láìbẹ̀rù. Lẹ́yìn náà, ó ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ General Electric. Owó tí gbogbo ìwé ń dárúkọ ni dọ́là 40,000.

Níbí ni mo ti ní kí a padà sí dọ́là 150. Ọkùnrin kan náà, orí kan náà, ọdún méjìlélógún péré ni ó wà láàárín. Ohun kékeré ìdí bẹ́líìtì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, òpó ojú títì náà ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1923, ẹni tí ó wá rà kò rí ọ̀dọ́mọkùnrin aláìní tí ń wá owó oúnjẹ. Ó rí ẹni tí ó ní ilé iṣẹ́ ìpara, tí ó lè sọ pé rárá, tí ó sì ní ìwé lọ́wọ́. Àwọn kan ń ṣàríwísí rẹ̀ pé kò yẹ kí ó tà á rárá, pé ì bá máa gba owó lórí òpó kọ̀ọ̀kan. Bóyá. Ìyẹn ni ọ̀nà kejì tí ènìyàn lè gbà lo páténtì: kí ó jẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀, kí ó máa fún àwọn mìíràn láyè láti ṣe é, kí wọ́n sì máa san iye kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, dípò kí ó ta ilẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n láti gba ìṣákọ́lẹ̀, o gbọ́dọ̀ lè máa ṣọ́ àwọn tí ń dáko níbẹ̀. Ta ni yóò ràjò lọ sí ìlú gbogbo ní Amẹ́ríkà láti ka òpó? Èmi kò dá a lẹ́bi.

Láti ọdún 1943 ni àìsàn ojú gíláúkómà ti ń gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun. Ó tilẹ̀ hùmọ̀ ohun kan tí yóò máa pa sìgá fúnra rẹ̀ bí ẹni tí ń mu ún bá sùn lọ. Ní 1963 ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ìyìn nítorí àmì ojú títì rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún náà ni ó kú. Ní Cleveland lónìí, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ń mú omi ìlú mọ́ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, omi adágún Erie kan náà.

Ó wá ku tiwa. Òfin Páténtì àti Díṣáìnì ti ọdún 1970 ni a ń lò ní Nàìjíríà, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Àbújá lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò. Ọdún ogún ni páténtì ń lò, láti ọjọ́ tí a bá fi ìwé sílẹ̀, a sì ń san owó lọ́dọọdún kí ó má baà kú. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ni òfin ń wò, kì í ṣe ẹni tí ó sọ pé òun kọ́kọ́ lá àlá rẹ̀. Ohun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, ó gbọ́dọ̀ ti inú ìrònú jáde, ó sì gbọ́dọ̀ wúlò fún iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ “tuntun” yìí ni ó mú wẹ́dà wa. Bí ohun kan bá ti wà ní gbangba kí a tó fi ìwé sílẹ̀, yálà nínú ìwé, tàbí lójú ọjà, tàbí lọ́wọ́ oníbàárà, kò jẹ́ tuntun mọ́, àní bó bá jẹ́ ìwọ fúnra rẹ ni o gbé e síta. Ẹ̀rọ márùn-ún tí ó tà ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá fi pa mọ́, owó lọ́yà ni yóò fi san án.

Ohun méjì mìíràn tí mo rí nínú òfin náà, ẹ má gbójú fò wọ́n. Ìjọba wa kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun náà tuntun ní tòótọ́ kí wọ́n tó fún ènìyàn ní páténtì. Wọ́n fún ọ, ewu rẹ̀ sì wà lórí rẹ. Bí ẹnìkan bá pè ọ́ níjà, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ẹ ó ti pàdé. Èkejì: bí ẹnìkan bá gbé iṣẹ́ fún ọ pé kí o hùmọ̀ nǹkan fún òun, tàbí tí o jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí o sì hùmọ̀ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà, tirẹ̀ ni ẹ̀tọ́ páténtì, àfi bí àdéhùn bá wà láàárín yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹ̀rọ fún ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ bèèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná Kútọnu àti Lomé, páténtì ti Nàìjíríà kò dé ọ̀hún. Ọ́fíìsì kan wà ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù, ìwé tí a bá gbà níbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún, Benin àti Togo wà nínú wọn.

Mo lọ bá wẹ́dà wa ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá láti sọ gbogbo èyí fún un lójú ara rẹ̀ kí ó tó kà á. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò burú. Ṣùgbọ́n mo tún ní òmíràn lórí ibi tí wọ́n ti ń fún omi ẹ̀gẹ́.” Bó ṣe gbé ṣọ́ọ̀kì tí ó fẹ́ fi yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nìyẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rin dúró, oníbàárà kan sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kí ó lọ yà á sórí ìwé nílé, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpòòwé, kí ó gbé e fún mi. Mo ti sọ fún Alága àti Akápò wa, a ó sì gbé e wá sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ní oṣù tí ń bọ̀ bóyá ẹgbẹ́ lè yá ọmọ ẹgbẹ́ ní owó ìforúkọsílẹ̀ páténtì bí a ti ń yá wọn ní owó ọjà. Iye owó náà àti iye tí amòfin yóò gbà ni mo ń wádìí lọ́wọ́. Àwọn mìíràn tí wọ́n bá ní irú rẹ̀, ọjọ́ Wẹ́dẹ́sì ni mo máa ń wà ní ọ́fíìsì láti agogo mẹ́rin. Kí wọ́n má gbé ẹ̀rọ náà dání o, ìwé nìkan.